Bí Mo Ṣe Ṣí Èépá Funfun àti Ìdógùn-ún Kúrò Lára Táàpù, Ṣáwà àti Àwo Tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Inú àpáta ni omi kànga ẹ̀rọ ilé wa ti ń wá, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, kò sì dá wá. Ó máa ń fi èépá funfun sára táàpù àti ṣáwà, á sì fa ìlà pupa sínú bésìn àti àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, níbi tí omi ń gbà ṣàn. Oògùn àwọn méjèèjì ò jọra, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe wàhálà lásán. Kálísíọ́ọ̀mù ni èépá funfun, ohun tó bá kan ló ń tú u. Irin tó ti dógùn-ún ni ìlà pupa. Tí kò bá dá yín lójú èwo lẹ ń wò, ẹ kán fínígà sí i lára: tó bá ń hó ṣùṣù, èépá funfun ni.

Hypo ni mo kọ́kọ́ gbé jáde kúrò ní bálùwẹ̀, àti gbogbo bílíìṣì yòókù. Bílíìṣì kì í bọ́ ìdógùn-ún. Ńṣe ló máa ń mú kí irin tó ṣì wà nínú omi náà dógùn-ún lójú ẹsẹ̀, kó sì lẹ̀ mọ́ àwo. Tó bá tún pàdé fínígà tàbí ásíìdì èyíkéyìí, gáàsì olóró ló máa jáde, ó sì lè pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ti da bílíìṣì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi iṣẹ́ di ọjọ́ kejì. Ásíìdì bátìrì náà ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Ohun tí mo lò ni citric acid, ìyẹ̀fun kíkan táwọn tó ń ta ẹ̀lò ọṣẹ máa ń ní, fún èépá funfun, hydrosulphite, ìyẹ̀fun tó ń ṣí ìdógùn-ún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, búrọ́ṣì ìfọyín tó ti gbó, tíṣù àti ọ̀rá. Hydrosulphite ò ṣòro rí níbí: àwọn aládìrẹ Ìtòkú ń lò ó pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà láti fi po aró. Ẹ ra ìwọ̀nba, kẹ́ ẹ dé e pinpin, kí omi má kàn án nínú ike rẹ̀, torí tí ìyẹ̀fun náà bá fa omi díẹ̀, ó lè gbóná débi tó máa gbiná.

Èépá funfun ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo po citric acid ṣíbí ìjẹun 3 mọ́ lítà 1 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo tú orí ṣáwà, mo rì í sínú rẹ̀ fún wákàtí 1, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún àwọn ihò tó dí. Ní ti táàpù, mo rẹ tíṣù sínú omi kíkan náà, mo fi wé ìdí rẹ̀, mo fi ọ̀rá bò ó, mo sì fi rọ́bà dè é, kó má bàa gbẹ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ mọ́jú, yóò jẹ ara dídán táàpù náà, á sì di dúdú lábàwọ́n lábàwọ́n. Búrọ́ṣì ìfọyín ni mo fi fọ ìyókù, kì í ṣe kànìnkàn onírin, nítorí pé ó máa ń họ ara táàpù, ìrẹ́rẹ́ irin tó bá já sílẹ̀ níbẹ̀ á sì tún dógùn-ún. Ilé tó bá ní ilẹ̀ tẹ̀rásò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ohun kíkan ń jẹ tẹ̀rásò, ojú rẹ̀ á kú, kò sì ní dán mọ́. Mo da omi lásán sí ilẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń nu èyí tó bá kán sílẹ̀ kíákíá.

Lẹ́yìn tí mo ṣàn gbogbo rẹ̀ pátápátá ni mo tó kan hydrosulphite, torí òun àti ásíìdì náà ò gbọdọ̀ pàdé. Mo ṣí fèrèsé, mo sì wọ ìbòmú, òórùn rẹ̀ le. Mo ti táàpù kékeré tó ń gbé omi lọ sí tánǹkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì pa, mo fọlọ́ọ̀ṣì, mo sì fi búrọ́ṣì ti omi tó kù gba kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lọ, nítorí pé omi tó bá wà nínú àwo á sọ oògùn di aláìlágbára. Mo wá po ṣíbí ìjẹun 2 mọ́ lítà 1 omi, mo dà á síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ (kì í pẹ́ kú), mo fi tíṣù tó rẹ bo ìlà òkè, mo sì dé ìdérí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ohun tó ń ṣe fún aró ló ń ṣe fún irin: ó ń sọ ohun tí kò yòrò di èyí tó yòrò, omi sì gbé e lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, mo fi búrọ́ṣì gba abẹ́ ètè àwo, mo sì fọlọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlà náà yóò padà tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí táàpù máa kán, torí náà mo pààrọ̀ wáṣà tó ti jẹ. Iṣẹ́ tó kù wà lókè, nínú tánǹkì omi ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí irin bá ju 0.3 míligíráàmù lọ nínú lítà omi, ó máa ń fi àbàwọ́n sára aṣọ àti ohun èlò. Omi náà máa ń mọ́ nígbà tó bá jáde láti inú ilẹ̀. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di pupa. Ẹ jẹ́ kó máa tú wọ tánǹkì látòkè bí òjò, kó sùn mọ́jú, kí páìpù tó ń gbé e láti inú tánǹkì wọ inú ilé sì wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sókè ìdí tánǹkì, kí ẹrẹ̀ pupa máa dúró sísàlẹ̀. Ẹ kàn máa tú ẹrẹ̀ náà dànù látìgbàdégbà.