Ẹ Má Tíì Ra TPS Tuntun: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ọkọ̀ akérò kúrò ní Ìpakòdó, n'Íkòròdú, láàárọ̀. Kò tíì dé àárín ọ̀sà tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ tìkọ̀. Awakọ̀ fi iná sí i, kò jẹ́. Ó tún fi sí i, ọkọ̀ fò síwájú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ẹnì kan á ti ní, "TPS ló bàjẹ́ yẹn," wọ́n á sì ti rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra òmíràn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Òun ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù.

TPS (throttle position sensor) ni sẹ́ńsọ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tó ń sọ fún brainbox (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) bí ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí tó. Wáyà mẹ́ta ló sábà máa ń ní: ọ̀kan ń gbé fóltì 5 wá láti ọ̀dọ̀ brainbox, ọ̀kan jẹ́ ẹ́ẹ̀tì (earth), ìkẹta ń gbé èsì padà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, èsì yẹn kì í tó fóltì 1 nígbà tí throttle bá padé. Bí ó bá ṣí tán, á gùn dé bíi 4 tàbí kó lé díẹ̀. Nọ́ńbà yìí wà lára ohun tí brainbox ń wò kó tó pinnu iye epo tí yóò fọ́n àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ta iná. Nọ́ńbà ni gbogbo iṣẹ́ TPS. Ẹni tí kò bá tíì fi mítà kà á kò lè sọ pé ó bàjẹ́.

(Ẹ̀yin apẹja tí ń lo Yamaha Enduro 40, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín: kàbúrétọ̀ ni tiyín, kò ní TPS. Àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì tí brainbox ń bá fọ́n epo, bíi Yamaha F115 àti F150, ni mo ń bá wí.)

Omi tó wọ inú epo, fílítà tó dí, bátìrì tó rẹ̀ àti ẹ́ẹ̀tì tó dípẹtà, gbogbo wọn lè mú kí ẹ́ńjìnnì ṣe bí ẹni pé TPS ti kú. Kóòdù àṣìṣe tí brainbox ń gbé jáde pàápàá lè ṣini lọ́nà. Lórí Yamaha, kóòdù 18 ni ti TPS, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé brainbox ò rí èsì tó yẹ kó rí. Wáyà tó já lè mú kóòdù kan náà jáde. Torí náà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wọn fóltì 5 yẹn ná. Bí kò bá dé ìdí sẹ́ńsọ̀, ẹ tọ wáyà lọ. TPS tuntun ò lè rí ohun tí ti àtijọ́ ò rí. Bí ó bá dé, ẹ gbé mítà sórí wáyà èsì, kí ẹ máa ṣí throttle díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Ó yẹ kí nọ́ńbà máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá já bọ́ tàbí tó fò ní ojú kan, ojú ọ̀nà inú sẹ́ńsọ̀ ti jẹ. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó lọ rà á.

Àṣìṣe kan wà tó ń dùn mí púpọ̀, torí ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ ni mo ti ń rí i: kí a fi abẹ́rẹ́ mítà gún ara wáyà kí a lè ka iná. Ihò yẹn kéré lójú, àmọ́ omi iyọ̀ á gbà á wọlé, bàbà inú rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, ìdípẹtà á sì máa yọ́ rìn lábẹ́ rọ́bà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dá àrùn tuntun sílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn ojú ìsopọ̀ wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, tàbí kí ẹ lo wáyà ìdánwò tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì náà.

Bí ó bá wá di pé kí a tú u, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì fi nǹkan mímú fa ìlà sí ibi tí sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ jókòó sí. Ẹ má fi agbára bá súkúrù rẹ̀ jà. Irin tí kì í dípẹtà ni súkúrù sábà máa ń jẹ́, alumíníọ̀mù ni ibi tó wọ̀, iyọ̀ sì ti so wọ́n pọ̀. Ẹ fín òróró atúdè sí i, kí ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá. Bí orí rẹ̀ bá fá, iṣẹ́ wákàtí kan á di iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

TPS ọkọ̀ ilẹ̀ tí a rà ní ọjà Ládípò ńkọ́, tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ bára mu? Ẹ má dán an wò. Ìbáramu ojú ìsopọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa bí fóltì ṣe ń gùn nínú rẹ̀. Ó lè máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gòkè.

Nígbà tí ẹ bá ń de tuntun, ahọ́n inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọ̀pá throttle dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òdì lára ọ̀pá ló bọ́ sí tí a sì fi súkúrù fà á mọ́lẹ̀, ó lè fọ́, throttle sì lè há. Kí iná tó dé ibẹ̀ rárá, ẹ fi ọwọ́ ṣí throttle, kí ẹ jù ú sílẹ̀, kí ẹ rí i pé ó padé tán.

Ibi tó kàn ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dè é, ẹ́ńjìnnì jí, wọ́n gba owó. Bí ihò súkúrù sẹ́ńsọ̀ yín bá gùn, ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀tì í. Ẹ tú kẹ́ẹ́bù throttle kúrò kó má baà máa fà á, kí throttle jókòó sórí ìdádúró rẹ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa yí sẹ́ńsọ̀ títí nọ́ńbà yóò fi bá ti ìwé ẹ́ńjìnnì yín mu, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì ọ̀rẹ́ yín. Ẹ fún súkúrù, kí ẹ tún kà á, torí fífún un nìkan máa ń sún un kúrò. Bí ihò rẹ̀ kò bá gùn, ẹ má fi fáìlì fẹ̀ ẹ́: wọ́n ṣe é kó jókòó sójú kan ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi súkúrù síló (èyí tó ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó nígbà tí throttle bá padé) bo àṣìṣe TPS tí a kò sẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yá, mo sì mọ̀ pé oníbàárà á rò pé ara ẹ́ńjìnnì ti yá. Ṣùgbọ́n síló tó ga ni jíà yóò máa fi wọlé. Gbogbo ìgbà tó bá wọlé pẹ̀lú ariwo "gbà!", eyín jíà ló ń jẹ. Èyí tó burú ju owó lọ ni pé ọkọ̀ lè ta síwájú ní èbúté nígbà tí ìyá ọlọ́mọ kan gbé ẹsẹ̀ kan sórí pákó, tí èkejì ṣì wà nínú ọkọ̀.

Gọ́ọ̀mù sílíkónì tó ń rùn bí fínígà kò yẹ ojú ìsopọ̀. Ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ bàbà. Gírísì tí wọ́n ṣe fún ojú iná ni kí ẹ lò, díẹ̀ sì tó.

Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti dán an wò, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà tó ń fa omi ìtutù máa jóná. Bí ẹ bá fi họ́òsì fún un lómi, síló nìkan ni kí ẹ mọ. Ìdánwò gidi dojú omi, nítòsí èbúté, láìsí èrò, kí jákẹ́ẹ̀tì wà lára yín, kí okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì sì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Bí ẹ bá padà dé, ẹ fi mákà kọ fóltì tí ẹ sẹ́ẹ̀tì sí àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sínú ìdérí ẹ́ńjìnnì, níbi tí mẹkáníìkì tó ń bọ̀ yóò ti rí i.