Dáì tó wọ ihò prẹ́ẹ̀sì lè má bá prẹ́ẹ̀sì mu: ohun tí ojú mi rí

Prẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀rọ tí mo fi ń tún ọta ìbọn tí wọ́n ti yìn ṣe, dáì sì ni irin oníhò tí a ń yí mọ́ orí rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lára kòròfo ọta. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sára páálí dáì mẹ́ta kan pé dáì inú rẹ̀ bá gbogbo prẹ́ẹ̀sì tó ní tírẹ́ẹ̀dì 7/8-14 mu. Mo rà á. Ó wọ ihò prẹ́ẹ̀sì mi gẹ́rẹ́, àmọ́ ọta tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fi sínú ìbọn. Kí n tó bọ́ nínú wàhálà yìí, mo ti ra nọ́ọ̀tì mìíràn, mo ti ra dáì àkọ́kọ́ mìíràn, mo sì ti ra dáì tó ń fún ẹnu kòròfo lọ́tọ̀. Owó gbogbo rẹ̀ wá ju iye tí ǹ bá fi ra èyí tó yẹ prẹ́ẹ̀sì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sára páálí yẹn mọ̀ dájú pé àwọn tó ń lo prẹ́ẹ̀sì progressive, ìyẹn èyí tó ń lo dáì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wà lára oníbàárà òun, kò sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo kìlọ̀ fún wọn.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fọ kòròfo ọta, bí a ṣe ń ṣà á, tàbí bí a ṣe ń to práímà, èyí tó ń tanná ran ẹ̀tù. Ẹni tó bá ti ń tún ọta ṣe ti mọ ìyẹn. Iye ẹ̀tù náà, inú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù yín ni kí ẹ ti wò ó, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ dáì ni mo bá wá.

Ẹ wo prẹ́ẹ̀sì onídáì kan ná. Dáì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Bí ó bá kúrú, ẹ ó yí i wálẹ̀ sí i. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá tóbi, kò sí ohun tó máa forí gbárí pẹ̀lú rẹ̀. Progressive kò rí bẹ́ẹ̀. Dáì mẹ́ta sí márùn-ún ló jọ dúró lórí àwo òkè kan náà, àwo ìsàlẹ̀ sì ń gbé kòròfo yí láti ibùdó kan dé èkejì. Bí ẹ bá fa apá prẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á ṣiṣẹ́ pọ̀: ti àkọ́kọ́ ń mú kòròfo súnkì padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ń ti práímà tó ti jó jáde, ti ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba ẹ̀tù, òmíràn ń gbé orí ọta jókòó, ti ìkẹyìn ń fún ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, bí dáì kan bá ga jù tàbí tí ó bá mì, kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Apá tí ẹ ń fà náà á le, ẹ kò sì ní mọ ibùdó tó fà á.

Tírẹ́ẹ̀dì tí gbogbo ènìyàn ń pariwo yìí, ohun méjì péré ló ń sọ fún yín: ìbú ara dáì jẹ́ 7/8 ínǹṣì, ìyẹn bíi mìlímítà 22.2, tírẹ́ẹ̀dì 14 ló sì wà nínú ínǹṣì kan. Ó tán síbẹ̀. Kò sọ bí dáì ṣe gùn tó, kò sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. SAAMI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti ọta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1926, ń fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún ọta àti fún ihò ìbọn tí ọta ń wọ̀, ṣùgbọ́n gígùn ara dáì wà lọ́wọ́ ẹni tó rọ ọ́. Tírẹ́ẹ̀dì náà pàápàá kò kárí. Prẹ́ẹ̀sì Square Deal B tí ilé iṣẹ́ Dillon ṣe, dáì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń lò, dáì 7/8-14 kankan kò lè wọ̀ ọ́. Prẹ́ẹ̀sì Lock-N-Load AP ti ilé iṣẹ́ Hornady ń gba 7/8-14, àmọ́ inú búṣì, òrùka irin kan, ni dáì á kọ́kọ́ wọ̀, búṣì yẹn ló máa wá wọ orí prẹ́ẹ̀sì. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó mú owó jáde.

Ọta 9mm Luger ni mo ń ṣe, prẹ́ẹ̀sì mi sì ní ibùdó márùn-ún. Ibi tí mo ti há nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Dáì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwo ìsàlẹ̀ nígbà tí prẹ́ẹ̀sì bá gòkè tán. Bí kò bá dé ibẹ̀, ìdí kòròfo kò ní súnkì. Àwo òkè prẹ́ẹ̀sì tèmi nípọn, dáì inú páálí yẹn sì kúrú. Nígbà tí mo fi yí i dé ibi tó yẹ kó dé, tírẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ́kù lókè àwo kò tó nǹkan. Nọ́ọ̀tì tó bá a wá nípọn, ó sì ní rọ́bà róbótó lábẹ́. Rọ́bà yẹn gba ààyè, nọ́ọ̀tì wá di tírẹ́ẹ̀dì díẹ̀ tó kù mú bí ẹni fi ìka méjì gbé odó. Mo fún un le, ó jọ pé ó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Gbogbo ìgbà tí apá prẹ́ẹ̀sì bá lọ sókè sódò ni dáì náà ń yí padà díẹ̀, tí ó ń gòkè. Ojú kò lè rí i. Ọta tó ń jáde dára lójú, gígùn rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ gún. Ìgbà tí mo wá ń jù wọ́n sínú géèjì, irin oníhò tí a fi ń wò ó bóyá ọta á wọ ìbọn, lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́, àwọn ti àárín ń há díẹ̀, àwọn ti ìparí dúró sókè pátápátá, wọn kò wọlé. Ìdí 9mm Luger kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 9.93 lọ. Mo fi kálípà wọ̀n wọ́n, ti ìparí ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kòròfo tó ti wú nínú ìbọn tó kọ́kọ́ yìn ín kò padà sí ìwọ̀n rẹ̀, nítorí dáì kò dé ìdí rẹ̀ mọ́. Irú ọta bẹ́ẹ̀ lè há sínú ìbọn, ìbọn náà kò ní pa dé. Mo ní láti tú gbogbo wọn, orí ọta lọ́tọ̀, ẹ̀tù lọ́tọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Mo pe ẹni tó ta á. Ó ní, "Ẹ yí i wálẹ̀ sí i, sà." Mo ní tírẹ́ẹ̀dì ti tán. Ó ní a jẹ́ pé prẹ́ẹ̀sì mi ló ní ìṣòro. Mo pe àwọn tó ṣe prẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní dáì ni. Báyìí ni wọ́n ń gbé mi sọ síra wọn bíi bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó lè sọ iye mìlímítà tí dáì kan gbọ́dọ̀ gùn kí ó tó lè dúró lórí prẹ́ẹ̀sì yẹn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ń béèrè!

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ló tú mi sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Àbúrò, ṣé òkè nìkan ni nọ́ọ̀tì lè wà ni?" Ó ní kí n yí nọ́ọ̀tì sí abẹ́ àwo òkè, kí n dè é láti ìsàlẹ̀, kí n sì yọ onírọ́bà yẹn dànù, kí n lo nọ́ọ̀tì irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní síkúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún dáì tó ń gbé orí ọta jókòó, ó dúró gbọn-in. Kò tíì mì láti ìgbà náà. Ẹ kíyèsí ìbú nọ́ọ̀tì tí ẹ bá fẹ́ rà, torí ihò àwo òkè sún mọ́ra. Nọ́ọ̀tì ńlá á máa kan èkejì rẹ̀, sípánà kò sì ní ráàyè wọ àárín wọn.

Dáì àkọ́kọ́ yẹn gan-an, mo pàpà pààrọ̀ rẹ̀, nítorí àléébù kejì tó ní. Ẹnu rẹ̀ kò yà. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí ó súnkì kòròfo dé ìdí pátápátá, ló ṣe jẹ́ kí etí rẹ̀ mú. Lórí prẹ́ẹ̀sì onídáì kan, ọwọ́ ló ń ti kòròfo sáàyè rẹ̀, kò séwu. Lórí progressive, kòròfo ń yí lórí àwo, ó sì ní ààyè díẹ̀ láti mì. Bí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ẹnu rẹ̀ á gbá etí kábáìdì, ohun líle gan-an tó wà lẹ́nu dáì, ó ti rún nìyẹn, prẹ́ẹ̀sì á sì dúró pẹ̀lú ẹ̀tù nínú kòròfo tó wà ní ibùdó kejì. Dáì tí wọ́n ṣe fún progressive máa ń ní ẹnu tó yà bí àrọ, kòròfo tó bá fì díẹ̀ á rọra tọ́ wọlé. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹnu tó yà yẹn náà á fi ìdí kòròfo sílẹ̀ díẹ̀ láìsúnkì ju ti ẹlẹ́nu mímú lọ. Fún kòròfo 9mm tó wá láti inú ìbọn tí ihò rẹ̀ kò gbòòrò jù, èyí kò dí mi lọ́wọ́ rárá. Mo yàn án, mi ò sì ní yí ìpinnu mi padà.

Kí n sọ eléyìí kún un: kábáìdì ni kí ẹ rà fún ọta ìbọn kékeré bíi 9mm tàbí .45 ACP, torí kòròfo kò ní nílò òróró kí ó tó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kábáìdì le, kò ṣeé tẹ̀, bí ẹ bá jẹ́ kí ó máa gbá àwo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó lè sán. Ẹ fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín wọn.

Dáì kejì inú páálí náà ń ya ẹnu kòròfo kí orí ọta lè jókòó. Asán ni lórí prẹ́ẹ̀sì mi! Ẹ̀rọ tó ń da ẹ̀tù ní ibùdó kejì ní ọ̀pá oníhò kan tó ń ya ẹnu kòròfo bó ṣe ń da ẹ̀tù sínú rẹ̀. Owó dáì yẹn ṣòfò, ó wà nínú páálí títí di òní. Bí prẹ́ẹ̀sì tiyín kò bá ya ẹnu níbi ẹ̀tù, ẹ ó nílò rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ iṣẹ́ ibùdó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Tèmi lọ báyìí: ìsúnkì, ẹ̀tù, dáì tó ń wo bí ẹ̀tù ṣe ga tó, ìgbórí-ọta-jókòó, ìfúnnu. Mi ò lè fi ibùdó tó ń wo ẹ̀tù yẹn ṣeré, torí ẹ̀tù tó dà sínú kòròfo lẹ́ẹ̀mejì lè fọ́ ìbọn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Dáì kẹta inú páálí ń gbé orí ọta jókòó, ó sì ń fún ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣeé lò, àmọ́ ẹnu ń fún mọ́ orí ọta nígbà tí orí ọta ṣì ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ń ha á lára. Mo pín iṣẹ́ méjèèjì, mo ra dáì ìfúnnu lọ́tọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o. 9mm àti .45 ACP ń fi etí ẹnu kòròfo dúró nínú ihò ìbọn, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ ká ẹnu wọn sínú. Dáì tó ń fún ẹnu díẹ̀díẹ̀ láìká a ni kí ẹ rà. .38 Special ń fi etí ìdí rẹ̀ dúró, òun la lè ká ẹnu rẹ̀ sínú ìlà tó wà lára orí ọta. Ẹnu 9mm tèmi kò ju mìlímítà 9.65 lọ, ibẹ̀ náà ni SAAMI fi ààlà sí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá pé, mo fi kòròfo sábẹ́ dáì kọ̀ọ̀kan, mo gbé prẹ́ẹ̀sì gòkè, ibẹ̀ ni mo ti fún nọ́ọ̀tì le kí dáì lè wà ní àárín gbùngbùn. Ọta tó jáde lẹ́yìn náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń ró kọ́ wọ inú géèjì tó sì ń já bọ́ padà fúnra rẹ̀. Mo gbéraga nípa rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi dára, mo sì lè sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi mí.

Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, dáì ìsúnkì nìkan ni mo máa rà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe prẹ́ẹ̀sì, torí òun ló ń le jù láti bá mu. Àwọn yòókù, mo lè ra ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Màá fi kálípà wọn bí àwo òkè ṣe nípọn tó, màá sì ní kí ẹni tó ń ta dáì wọn gígùn tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún mi. Bí kò bá lè wọ̀n ọ́n, màá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Màá wo ọ̀pá inú dáì tó ń gbé orí ọta jókòó pẹ̀lú, bóyá ó bá orí róbótó tàbí orí pẹlẹbẹ mu, nítorí ọ̀pá tí kò bá a mu á máa tẹ orí ọta lójú, gígùn ọta á sì máa yàtọ̀ síra. Àwọn ọ̀pá kan ṣeé yọ jáde láìtú dáì. Èyí wúlò gan-an fún ẹni tó ń lo orí ọta òjé, torí ọ̀rá ara rẹ̀ máa ń dì síbẹ̀.

Ẹ sì ra pín tó ń ti práímà jáde sílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Kòròfo tó ní ihò kéékèèké méjì nísàlẹ̀ inú rẹ̀ dípò ẹyọ kan á ṣẹ́ ẹ, bí ọ̀kan bá yọ́ wọ àárín àwọn tí ẹ ṣà.