Bí ẹ ṣe lè tẹ ìlú iwin dó fún eré ìtàn yín

Ẹ má fi ilé gogoro bẹ̀rẹ̀. Eré ìtàn onídáìsì ni eré orí tábìlì tí aṣeré kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ohun tí ẹni inú ìtàn tó mú fẹ́ ṣe, tí dáìsì sì ń pinnu bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìlú àwọn elf, ìyẹn àwọn iwin elétí ṣóńṣó tí ikú kì í tètè pa, sílẹ̀ fún irú eré yìí, ilé gogoro funfun ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà omi tó ń dà látorí àpáta, lẹ́yìn náà àtùpà láàárín ewé. Ó rẹwà. Àmọ́ tí àwọn aṣeré bá ti wò ó tán, tí wọ́n ti ṣe háà, iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ti parí. Ìlú tó máa gba eré dúró fún oṣù mélòó kan ni èyí tí ẹnì kan ti di nǹkan mú níbẹ̀ tí ẹlòmíì sì ń wá a. Kò sì sí ohun tí wọ́n ń dì mú tó ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Iṣẹ́ yíya pálàànù ilé ni mò ń ṣe ní Yábàá, Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni ilé bàbá mi. Lọ́jọ́ Sátidé, orí tábìlì oúnjẹ mi la ti ń ṣe eré: àbúrò mi tó wà ní yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta léèsì ní Balógun, àti ọkọ rẹ̀. Èmi ni adarí eré, ẹni tó ń sọ ohun tí àwọn aṣeré rí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Bí mo ṣe ń tẹ ìlú dó kí wọ́n tó jókòó ni mo fẹ́ kọ síbí.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ sì mú èyí tí ẹ mọ̀. Ìrókò ni èmi máa ń mú. Ìrókò lè ga tó mítà 50. Tí ẹ bá ka àjà ilé kan sí mítà 3, ilé alájà 16 nìyẹn. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀: èyí tó dàgbà dáadáa lè lọ tó mítà 20 kó tó yọ ẹ̀ka. Mítà 20 sókè, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ìlú yín ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sí igun ìwé yín, torí ẹ máa padà sí i léraléra.

Ẹ wá bi ara yín: báwo ni omi ṣe ń gòkè? Kẹ́ẹ̀gì tí à ń lò nílé, lítà 25 ló ń gbà, kílò 25 ni omi inú rẹ̀ tó bá kún. Ẹnì kan wà nínú ìlú yẹn tó ń gbé e gòkè mítà 20 láràárọ̀. Ṣé iwin ni àbí ènìyàn? Ṣé wọ́n ń sanwó fún un? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó sùn lókè? Mẹ́rùwá ìlú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lórúkọ. Ọba lè dúró. Mo ti rí àwòrán ìlú iwin tó dára gan-an tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ tó ń pọnmi, kì í sì í pẹ́ tó fi ń hàn sí àwọn aṣeré pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀.

Okùn ló ń gbé omi yẹn gòkè. Òun náà ló ń gbé igi ìdáná, ata, aláìsàn àti àlejò. Torí náà, ẹni tó bá ni okùn ti ní ìdajì ìlú. Nínú ìlú tí mò ń lò báyìí, Òkè-Ewé, okùn mẹ́ta péré ló wà, ìdílé mẹ́ta ló ni wọ́n, àdúgbò tó yí ẹsẹ̀ wọn ká ló ń jẹ́ Okùn Mẹ́ta. Àwọn tí kò rówó okùn san ń gbé lábẹ́ igi, ní Ìsàlẹ̀ Gbòǹgbò. Ẹ kíyè sí i pé mi ò tíì sọ nǹkan kan nípa idán, ìjà sì ti wà nílẹ̀.

Kí ẹ tó ya ọ̀nà láti igi kan sí èkejì, ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre, kí ẹ rìn lórí afárá tó gba àárín igi níbẹ̀. Mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń mì nígbà tí ẹni iwájú bá gbé ẹsẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe tóóró tó, bí ẹ̀yin àti ẹlòmíì bá pàdé lójú ọ̀nà, ẹnì kan ní láti yà. Ní ìlú iwin, ta ló máa yà fún ta? Ọmọdé ló ń yà fún àgbà, ìyẹn ò ṣòro. Àmọ́ níbẹ̀, ẹni ọdún 400 ni ọmọdé, ó sì lè ti gbé ẹrù wúwo lórí fún ìgbà pípẹ́ kó tó pàdé ẹni ọdún 900 tó kàn ń nàjú. Irú nǹkan kékeré báyìí, tí ẹ bá jẹ́ kí àwọn aṣeré fojú ara wọn rí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ju kí ẹ ka ìtàn ìjọba ìlú náà fún wọn lọ.

(Bó bá jẹ́ ìlú orí omi lẹ fẹ́, Makoko wà nítòsí. Ẹ wo bí ọkọ̀ ojú omi ṣe di títì, bí ọlọ́jà ṣe ń wá bá oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, àti ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Ìlànà kan náà ni: ẹni tó bá ni ọkọ̀ ló ni ọ̀nà.)

Ní báyìí, a dé orí ilẹ̀. Ẹ má sáré kọjá níbí. Láàárín wa, ikú ló ń mú ilé kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bàbá kú, ilé di ti ẹbí, wọ́n pín in ní ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, ẹnì kan yọ́ ta yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn yòókù gbé ọ̀dà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹ ti rí i ní Ìdúmàgbò, ẹ ti rí i ní Òyìngbò. Ẹ wá yọ ikú kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ìsìnkú, kò sí ìwé ìhágún, kò sí ogún pípín. Ẹni tó kọ́ ilé ní ọdún 900 sẹ́yìn ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ọmọ tó bí ní ọdún 200 sẹ́yìn ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọmọ-ọmọ ń tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Níbo ni ọ̀dọ́ iwin tó fẹ́ gbéyàwó máa gbé?

Ẹ lè ní kí wọ́n gbin igi tuntun. Ìyẹn dáa, torí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan á máa ṣọ́ igi tó máa di ilé rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó bá sì fi àáké kan igi kékeré yẹn ti wó ilé ènìyàn. Ẹ lè ní kí wọ́n kó lọ sí ìlú òkèèrè. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n máa háyà ilé lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ní Èkó níbí, onílé lè ní kí ẹ san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé tó ti lo ọdún 900 láyé á ní kí ẹ san ti ọdún 100. Ọ̀dọ́ tó ń wá owó ilé ọdún 100 á gba iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà, ibi iṣẹ́ yẹn ni àwọn aṣeré yín á ti pàdé rẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ̀mí gígùn ń ṣe ni pé ẹlẹ́rìí kì í tán. Ẹ wo tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun wọn lórí omi. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onílẹ̀, ní ọba ò lè fi ilẹ̀ àwọn tọrẹ. Nígbà tó yá, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, sì gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ. Ọdún 1921 ni Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó dá a láre pé àwọn onílẹ̀ ló ni ilẹ̀ wọn, kí ìjọba sanwó. Láti ìgbà ìwé di ìgbà ìdájọ́, ọdún 60. Dòsùnmú ti kú láti 1885. Àwọn adájọ́ ń fi ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu wádìí ohun tí òkú ní lọ́kàn.

Ní Òkè-Ewé, ẹni tó fọwọ́ síwèé ṣì wà níbẹ̀. Àwọn aṣeré lè gun okùn lọ bá a, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n bi í pé, "Bàbá, kí lẹ rò pé ẹ ń fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn?" Ó lè parọ́. Ó lè ti gbàgbé. Ó lè jẹ́ pé ó ń retí láti ọdún 600 kí ẹnì kan tó bi í. Ẹ pinnu èyí ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ má sì yí i padà torí pé dáìsì ṣubú síbi tí ẹ ò fẹ́.

Ìtàn àtijọ́ àwọn ará Iceland náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí nínú. Wọ́n ní àwọn òrìṣà fi Álfheimr, ilẹ̀ àwọn iwin, ta Freyr, ọ̀kan nínú wọn, lọ́rẹ nígbà tó hu eyín. Odidi ilẹ̀, ẹ̀bùn eyín! Ẹ ronú sí ohun tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé etí wọn. Tí ẹ ò bá tíì mọ ẹni tó fi ìlú yín tọrẹ, fún ta, láìbi ta, ẹ ò tíì ṣe tán.

Ẹ tún fún ìlú náà ní àwọn tó lọ tó padà. Àwọn Àgùdà tó dé láti Brazil láàárín àwọn ọdún 1800 kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ sí Èkó, ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ lọ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ wo iṣẹ́ ọnà ojú ògiri rẹ̀. Kákáwá ò jìnnà síbẹ̀; níbẹ̀ ni Ilé Omi wà, ilé ìdílé Da Rocha, tí wọ́n ti ń ta omi fún àwọn ará àdúgbò nígbà kan rí. Ìgbà tí mo ronú sí Ilé Omi yẹn ni Òkè-Ewé tó mì. Mo fi iwin kan síbẹ̀ tó ti ìrìn àjò ọdún 300 dé, tó kọ́lé sí Pópó Àbọ̀dé, ní orí igi pátápátá, tó sì ń fi ọpọ́n onígi gba omi òjò. Omi rẹ̀ kò nílò okùn. Láti ọjọ́ náà ni ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fọ́ ọpọ́n yẹn.

Oúnjẹ, aṣọ, orin: ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó. Ìkíni ni kí ẹ ṣiṣẹ́ lé lórí. Iwin méjì tí wọn ò rí ara wọn láti ọdún 80 lè pàdé lórí afárá kí wọ́n ní, "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o," kí wọ́n sì máa bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nígbà yẹn lọ. Àwọn aṣeré á gbọ́ ọ, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n wà.

Tí ọjọ́ eré bá pé, ẹ má ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ mú àwọn aṣeré lọ sí ẹsẹ̀ okùn, kí ẹ sọ ohun mẹ́ta tí etí gbọ́ tàbí tí imú gbóòórùn, kí ẹ dákẹ́. Bí tèmi ṣe lọ nìyí. Mo ní: okùn ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ lókè yín, òórùn ewé tútù àti èéfín, ọmọkùnrin kan jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kò wojú yín. Mo dákẹ́. Àbúrò mi ti fẹ́ yọ idà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta léèsì na ọwọ́ dá a dúró.

"Àǹtí, ta ló ń gba owó okùn?"

"Obìnrin kan tó wà nínú àtíbàbà."

"Èló?"

Mo dá iye lé e. Ó rẹ́rìn-ín bíi pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la wà. "Ẹ sọ fún un pé a ò ní san iye yẹn. Ṣùgbọ́n èmi rí ọmọ yìí tó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Kí ló dé tí kò gbé omi lónìí?"

Gbogbo ọ̀sán Sátidé yẹn, inú ìbéèrè rẹ̀ la wà. Ọmọ náà ti lọ bá ẹni Pópó Àbọ̀dé ṣiṣẹ́, ìdílé Okùn Kejì sì ti fòfin dè é láti fọwọ́ kan okùn àwọn. Àwọn aṣeré mi gbà láti gbé omi dípò rẹ̀ kí wọ́n lè gòkè láìsanwó, kílò 25 lẹ́ẹ̀kan, dáìsì olójú ogún fún gbogbo ìrìn. Àbúrò mi yí 2, ó kéré jù. Kẹ́ẹ̀gì já bọ́ lu àtíbàbà.

Lẹ́yìn eré, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún gbèsè: ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ohun tí wọ́n jẹ, àti ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn. Iwin ò ní gbàgbé, torí náà ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Gbèsè tó bá kù nílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣí eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú ìwé tèmi, àwọn aṣeré mi ṣì jẹ Okùn Kejì ní ìrìn omi 7 àti owó àtíbàbà.