Ẹ Sọ Sípíà Táyà Kalẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbéra: Ìmúrasílẹ̀ Píkọ́ọ̀pù fún Ìrìn Àjò Ìgbà Ọyẹ́

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbẹ̀ àti agbo ilé ní Èkìtì

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, píkọ́ọ̀pù kan kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní Ìkọ̀lé, ó dorí kọ Lọ́kọ́jà. Ó kọjá Ọmùò, ó wọ ilẹ̀ Kogí, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí táyà ẹ̀yìn kan fi bẹ́. Táyà a máa bẹ́. Ìyẹn nìkan kò lè ba ọjà jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀ láti sọ sípíà kalẹ̀, wáyà tó so ó rọ̀ ti dípẹtà, kò gbọ́ títú. Òòlù ni wọ́n fi já a. Nígbà tí sípíà náà balẹ̀ tán, pẹlẹbẹ ló wà, kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ tó tún ṣí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó ní dúdú ti pọ́n, èyí tó ti ń pọ́n tẹ́lẹ̀ sì ti rà.

Òun ló fà á tí wọ́n fi ní kí n kọ ìwé yìí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yẹ ọkọ̀ wò, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé, ní Ọmùò, títí dé Ìjerò. Àṣìṣe kan náà ni mo ń bá níbi gbogbo. A máa ń wo táyà mẹ́rin tó wà nílẹ̀, a kì í wo ìkarùn-ún. Bí a ṣe ń to iṣu àti bí a ṣe ń fi ewé bo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kò ní sọ ọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ táyà karùn-ún yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kà dópin.

Táyà karùn-ún

Ẹ sọ sípíà kalẹ̀ ní ọjọ́ 7 kí ẹ tó gbéra. Ẹ má dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, torí bí ẹ bá bá àbùkù níbẹ̀, ẹ ò ní ráyè tún un ṣe. Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, abẹ́ ibi ìkẹ́rù ni sípíà máa ń rọ̀ sí, lórí wáyà. Ihò kékeré kan wà nítòsí báńpà ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni a ti ń ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, tí a ó máa yí i sọ́wọ́ òsì títí táyà yóò fi balẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó tàbí abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pá náà sábà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò ní in mọ́ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Bí tiyín kò bá sí, ẹ rà á, tàbí kí ẹ ní kí wẹ́dà rọ ọ̀kan fún yín, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó san owó.

Bí wáyà náà bá ti dípẹtà, ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tún fà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gíríìsì pa á. Gíríìsì yìí kò gbọdọ̀ kan nọ́ọ̀tì táyà rárá, kò sì gbọdọ̀ kan irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀.

Sípíà ti balẹ̀ wàyí. Ẹ ka nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀. Bí táyà mẹ́rin yòókù bá jẹ́ 265/65R17, 265/65R17 ni òun náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo ti rí píkọ́ọ̀pù tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 6, tí rímù sípíà tó gbé sábẹ́ sì ní ihò 5. Ọdún 2 ni ọ̀gá tó ni ín ti ń wà á láìmọ̀.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Lópin ọ̀rọ̀ náà ni nọ́ńbà 4 kan wà nínú àmì tó rí bí ẹyin. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC tí gbogbo wa mọ̀, ní kí á má lo táyà tó bá ti ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Níbí ni àwọn ènìyàn ti máa ń bá mi jiyàn: “Tuntun ni, a ò tíì lò ó rí.” Ó ti lè wà lábẹ́ ọkọ̀ fún ọdún 8 láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ń gbó lọ ni. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Bí ó bá ti ń sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbì kankan.

Ó ku afẹ́fẹ́. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ ọkọ̀ yín wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n kọ fún táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ru ẹrù ni kí ẹ fún sípíà. Bó bá jẹ́ iwájú ni ẹ ó lò ó sí, ẹ lè tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n nínú igbó tó wà láàárín Ọmùò àti Kàbbà, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ ó fi fẹ́ ẹ kún. Ẹ ra géèjì tiyín. Kí á fi ẹsẹ̀ ta táyà kí á ní “ó le” kì í ṣe wíwọ̀n, mo sì rí àwọn awakọ̀ àgbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é. Ìgbà tí táyà bá tutù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n: kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà 2, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí 3. Nígbà ọyẹ́, òwúrọ̀ a tutù, ọ̀sán a mú ganrínganrín, géèjì sì lè fi PSI 4 sí 6 lé sí i lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ má tú afẹ́fẹ́ jáde. Táyà tí ẹ bá tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde lọ́sàn-án ni yóò rọ̀ jù lówùúrọ̀ ọ̀la, táyà tó rọ̀ lábẹ́ ẹrù ló sì ń gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ẹ fi ẹrù dán an wò nílé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá di ẹrù tán, kí ẹ pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn kan nínú ọgbà ilé yín, pẹ̀lú gbogbo ẹrù lórí ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Ẹ ṣe é. Jáàkì tó ń gbé ọkọ̀ òfìfo lè má gbé èyí tó kún, ilé ló sì ti yẹ kí ẹ mọ̀. Kí jáàkì náà má dín ní tọ́ọ̀nù 2. Kí ẹ ní pákó kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 níhà gbogbo, tó nípọn tó 5, fún ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta 2 dí táyà iwájú, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀, kí ẹ wá gbé jáàkì. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí ẹ bá ń dè é padà, ẹ máa mú nọ́ọ̀tì tó dojú kọra wọn tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rin kìlómítà 50 sí 100, kí ẹ tún un dè.

Ohun kan tún wà tí ẹ ó rí níbẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́ lábẹ́ ẹrù, ọkọ̀ á rẹlẹ̀ débi pé sípíà lè má rí abẹ́ báńpà gbà jáde, àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi jáàkì gbé e. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, mo fara mọ́ ọn pé kí ẹ gbé sípíà sínú ibi ìkẹ́rù, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ fi ṣéènì dè é níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láìsọ ẹrù. Yóò gba àyè iṣu bíi mélòó kan. Ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ẹrù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bíi 1,000 kìlógíráàmù lọ, èrò inú ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn. Bí iṣu kan bá wọn kìlógíráàmù 4, iṣu 200 ti di 800. Ẹ fi èèyàn 3 kún un, ọkọ̀ ti kún. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa oní-lítà 25 wọn tó kìlógíráàmù 23. Kẹ́ẹ̀gì 30 ni kí ẹ gbé, ẹ má gbé 45. Àpò kòkó kan jẹ́ kìlógíráàmù 64. Àpò 12 ti tó. Ẹni tó bá di iṣu 300, tó tún gbé èèyàn 2 jókòó lé e lórí, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ́ táyà ara rẹ̀, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ló sì fi ń ṣeré.

Àwọn ìyókù

Mẹkáníìkì yín mọ púpọ̀ nínú èyí. Kí ó wo ọ́ìlì, bíréèkì àti fáànù bẹ́líìtì. Kí ó fọn eruku kúrò nínú àsẹ́ atẹ́gùn ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá ń kọjá Lọ́kọ́jà lọ sókè, ẹ mú tuntun 1 dání, torí eruku ọyẹ́ níbẹ̀ ju tiwa lọ. Omi rédíétọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ omi odò lásán, ẹ lo kúláǹtì. Ẹ gbé omi lítà 10 pamọ́ fún ìgbà ìṣòro, kí ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi mímu, lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀ṣì, àmì onígun mẹ́ta pupa 2, ẹ̀rọ panápaná, aṣọ òtútù; òtútù ìdájí ọyẹ́ nínú igbó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì dojú kọ.

Ẹ kún epo ọkọ̀ ní Ìkọ̀lé tàbí Ọmùò. Kí ẹ má gbé bẹntiróò sínú kẹ́ẹ̀gì láàárín ewé gbígbẹ.

Aago 6 òwúrọ̀ ni kí ẹ gbéra, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Bí ìkùukùu ọyẹ́ bá dí ojú, ẹ tan iná iwájú ọkọ̀ tó ń wo ilẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán, ẹ dín eré kù. Bí ẹ kò bá rí mítà 50 níwájú mọ́, ẹ yà sí ilé epo tàbí inú ìlú, ẹ má dúró sí etí ọ̀nà. Wọ́n ń sun igbó nígbà yẹn. Ẹ má wọ inú èéfín tí ẹ kò rí òdìkejì rẹ̀, ẹ má sì páàkì sórí koríko gbígbẹ, torí páìpù èéfín tó gbóná lè ràn án.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí láwọn ibì kan. Kí ẹ tó kúrò ní Ọmùò, ẹ pe ilé, ẹ sọ ibi tí ẹ dé àti aago tí ẹ ó tún pè. Nọ́ńbà FRSC fún ìjàǹbá ọkọ̀ ni 122. Bí ẹ bá lo sípíà lójú ọ̀nà, ẹ má sáré tẹ̀síwájú láìní òmíràn: ní ìlú àkọ́kọ́ tí fọkanáísà bá ti wà, kí ẹ lẹ táyà tó jò, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì dè é sí ààyè sípíà kí ẹ tó wá oúnjẹ lọ.