Ohun tí kò yẹ kí olùwádìí ṣe nígbà tí ará ìlú bá ń sọ ìtàn wọn fún un

Ní abúlé kan ní agbègbè Ìwó, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ìyá kan sọ fún mi pé: "Ọkọ mi ló gba owó yẹn lọ́wọ́ mi, kò sì dá a padà." Èéfín ń fẹ́ sí wa lójú, fóònù mi wà lórí àpótí, ó ń gba ohùn. Nígbà tí mo délé, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Gẹ̀ẹ́sì, mo sì tò ó sábẹ́ ìyà tí àwọn ọkọ fi ń jẹ ìyàwó wọn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo padà lọ kà á fún wọn. Wọ́n pariwo: "Ha, Àǹtí! Ẹ má kọ bẹ́ẹ̀ o. Bàbá Ṣèyí kọ́ o! Bàbá Ṣèyí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí." Àbúrò ọkọ wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló gba owó náà.

Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé gbogbo ọmọ tí obìnrin bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Títí dòní ni ìyá mi ń pe àbíkẹ́yìn ìyá bàbá mi ní "ọkọ mi". Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ronú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọkùnrin aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́ nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kò ní rí kà.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan ọ̀nà ìwádìí yìí báyìí. Wọ́n á ní kí àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn ayé wọn, tàbí kí wọ́n bá ará ìlú jọ ṣe ìwádìí náà, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ yan ìbéèrè, kí wọ́n jọ wá ìdáhùn, kí wọ́n sì jọ sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n rò pé ó rọrùn ju fọ́ọ̀mù ìbéèrè lọ nítorí pé kò sí ìṣirò nínú rẹ̀. Mo ti ṣe méjèèjì. Bí fọ́ọ̀mù bá bàjẹ́, iye rẹ̀ ló bàjẹ́. Bí ìtàn bá bàjẹ́, ènìyàn ló bàjẹ́ mọ́ ọn.

Má kánjú túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ "ọkọ mi" yẹn, mo padà sí gbogbo ohùn tí a gbà, ọjọ́ méjì gbáko ni mo sì fi tún wọn gbọ́. Mo bá "ọmọ mi" tó jẹ́ ọmọ orogún. Mo bá "bàbá mi" tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá. Mo bá "ilé wa" tó jẹ́ odindi agbo ilé, tí a ti kọ sílẹ̀ bí ẹni pé ilé oníyàrá méjì ni. Obìnrin kan ní, "Ojú mi rí nǹkan lọ́dún yẹn," a sì kọ ọ́ pé ó rí nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé ìyà ló ń sọ. Òmíràn ní, "Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ẹni tó bá wa da ohùn kọ tò ó sábẹ́ ẹ̀sìn. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni obìnrin náà ń sọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti bá àwọn àna rẹ̀ fà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́, gbólóhùn yẹn ló sì fi sọ fún wa pé òun ti jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà.

Kọ ohùn sílẹ̀ ní Yorùbá gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí o sì fi àmì sí i. Bí wọ́n bá sọ ẹ̀ka èdè ìlú wọn, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má sọ ọ́ di Yorùbá inú ìwé. Ní Yorùbá náà ni kí o ti wá ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ìlà tí yóò wọ inú ìjábọ̀ nìkan ni kí o túmọ̀, kí o sì fi ọ̀rọ̀ tó bá wúwo sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o ṣàlàyé rẹ̀. Olùkọ́ kan sọ fún mi rí pé àsìkò kò sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a wá àsìkò. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ni gbogbo ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn.

Má gé ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu

A ti kọ ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú ìwé kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan. A bi wọ́n nípa ọjà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ìyá wọn ṣe gbé wọn pọ̀n wọ ìlú náà. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ọjà gan-an la fẹ́ gbọ́." Ìtàn kú níbẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dáhùn bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, n ò mọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó gbòòrò ti tó: "Ẹ bá wa sọ bí ẹ ṣe débi iṣẹ́ yìí." Lẹ́yìn náà, panu mọ́. Bí wọ́n bá dákẹ́, ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú ọkàn rẹ kí o tó sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣòro láti sọ kì í yára jáde, ẹni tó bá sì kánjú fi ìbéèrè mìíràn dí àyè náà kò ní gbọ́ ọ láéláé.

Má sì fi tipá to ìtàn bí kàlẹ́ńdà. Karin Barber, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù láàárín 1974 sí 1977 tó sì kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ibẹ̀, fi hàn pé ìlà oríkì kì í tẹ̀ lé ara wọn bí ọdún ṣe ń tẹ̀ lé ọdún. Ìlà kan lè jẹ́ ti baba ńlá, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ ti ẹlòmíràn, ìtàn tó sì la ìlà kọ̀ọ̀kan á wà lọ́tọ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ṣe ń sọ ìtàn ayé wọn pẹ̀lú. Bí o bá fẹ́ mọ ọdún, wá a gba ẹ̀yìn, kí o sì ṣọ́ra. Àgbàlagbà tó bá ní "nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó" lè máa sọ ti 1973, nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ó lè jẹ́ ti 1984, nígbà tí ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó. Ó sì lè jẹ́ ti ọ̀wọ́n owó 2023. Bi wọ́n bóyá wọ́n ti bí àkọ́bí wọn nígbà náà. Ìyẹn á là á.

Ìpàdé gbogbo ìlú kì í ṣe ohùn gbogbo ìlú

Baálẹ̀ á ní kí akígbe lu agogo, ogójì ènìyàn á péjọ sábẹ́ igi, a ó ya fọ́tò, a ó sì kọ ọ́ pé ará ìlú fẹnu kò. Ta ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lọ́dún tó kọjá kò ní ta ko ìyálé rẹ̀ níta gbangba. Ọmọ iṣẹ́ kò ní sọ̀rọ̀ níṣojú ọ̀gá. Àgbàṣe tó wá láti ìlú mìíràn lè má tilẹ̀ gbọ́ agogo. Ní 2001, Bill Cooke àti Uma Kothari ṣe olóòtú ìwé kan tó kìlọ̀ nípa èyí gan-an: irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lè sọ èrò àwọn alágbára di èrò gbogbo ènìyàn, kí ó sì tún fún un ní ọlá ìwádìí.

A rí i lójú ara wa lọ́jọ́ tí a ní kí wọ́n ya ìlú wọn sórí ilẹ̀. Robert Chambers, tó gbé irú iṣẹ́ yìí káàkiri, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí olùwádìí fi ọ̀pá lé ará ìlú lọ́wọ́. A fi lé wọn lọ́wọ́ lóòótọ́. Tíṣà ilé ìwé ló gbà á. Ó ya títì, ó ya ààfin, ó ya ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti mọ́ṣáláṣí. Àwọn obìnrin dúró sẹ́yìn, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì a kó àwọn obìnrin nìkan jọ sí ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń yan gàrí. Èépá ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ya odò, èédú ni wọ́n fi ya ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, wọ́n sì to òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi mẹ́ta lójú ọ̀nà náà. A bi wọ́n kí ni òkúta yẹn. Ibi tí wọn kì í dá gbà lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni. Títì tí tíṣà fi bẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú tiwọn.

Ká ní a gba ti ọjọ́ kìíní, à bá kọ ìwé nípa ìlú tí àwọn obìnrin kò gbé.

Ìtẹ̀ka kan kò tó

Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń bẹ̀rù ìtẹ̀ka. Wọ́n ti gbọ́ nípa ẹni tó tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà, tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sì lọ. Nítorí náà, ṣàlàyé lẹ́nu, kí o gba ìyọ̀ǹda wọn sínú ohùn, kí o tún bèèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí, kí o sì bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìwé tó jáde. Ẹni tó gbà láàárọ̀ lè kọ̀ nígbà tó bá rántí ohun tó ti sọ. Bí wọ́n bá ní "Ẹ má gba eléyìí sílẹ̀," pa fóònù níṣojú wọn, má sì tún un kọ láti inú orí rẹ tí o bá délé.

Àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo náà kì í sábà tó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ìran. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí jáde nípa àbùdá àwọn mélòó kan ní Nàmíbíà lára àwọn San, ìran tó ti ń gbé ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà láti ìgbà láéláé. Àwọn olórí San bínú pé ẹnikẹ́ni kò bá àwọn sọ ọ́, àti pé àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tàbùkù wọn. Ní 2017, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n kọ òfin tiwọn fún olùwádìí yòówù tó bá fẹ́ wọ àárín wọn: ọ̀wọ̀, òótọ́ inú, ìdọ́gba àti ìtọ́jú. Mo fẹ́ràn òfin náà nítorí pé àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa wọn ló kọ ọ́.

Orúkọ tí a pààrọ̀ pẹ̀lú kì í bo ènìyàn ní ìlú kékeré. Bí o bá kọ "Ìyá A, ẹni àádọ́ta ọdún, ìyá ìbejì, opó awakọ̀," gbogbo ìlú ti mọ ilé rẹ̀. Yọ díẹ̀ kúrò. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé orúkọ wọn gan-an ni wọ́n fẹ́ kí o kọ, bi wọ́n. Bí o bá fún wọn ní kámẹ́rà kí wọ́n fi ya ayé wọn, kọ́ wọn kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yà.

Má ṣèlérí o. Wọ́n á bi ọ́ bóyá ìjọba ló rán ọ. Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, "Ìjọba á gbọ́," gbólóhùn kékeré yẹn sì lé wa kiri fún ọdún kan: "Ẹ̀rọ omi yẹn ńkọ́?" Ìwé la fẹ́ kọ, a kò lówó ẹ̀rọ omi, ohun tó yẹ kó sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Padà lọ

Orlando Fals Borda, onímọ̀ àwùjọ ará Kòlóḿbíà, wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní yunifásítì Bogotá ní 1959. Nígbà tó ṣe, ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ etíkun tó ń jà fún ilẹ̀. Ìtàn tí òun àtàwọn àgbẹ̀ kó jọ kò parí sínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ayàwòrán kan, Ulianov Chalarka, sọ ọ́ di ìwé àwòrán, kí àgbẹ̀ tí kò kàwé náà lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀ kí ó sì wí pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un yà." Ní 1977 ni wọ́n pe ìpàdé àgbáyé lórí irú ìwádìí yìí sí Cartagena, lórílẹ̀-èdè rẹ̀ kan náà.

Àwa ńkọ́? Owó iṣẹ́ máa ń tán lọ́jọ́ tí ìjábọ̀ bá jáde. Ẹ kọ owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ méjì, ó kéré tán, sínú ètò ìnáwó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Ìpadàbọ̀ àkọ́kọ́ ni mo fi mọ̀ pé Bàbá Ṣèyí kò jẹ gbèsè. Ní ìkejì, a ya àwòrán ilẹ̀ tí àwọn obìnrin yẹn fi èédú àti èépá ẹ̀gẹ́ ṣe sórí páálí ńlá, a gbé e lọ fún wọn. Wọ́n fi òkúta kan kún un, wọ́n yọ òmíràn kúrò, wọ́n kà á fún ara wọn látòkè délẹ̀. Ìyá ẹgbẹ́ wá ká a, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí tí wọ́n ń kó owó àjọ sí.