Bí Mo Ṣe Di Oúnjẹ Gbígbẹ l'Ógbómọ̀ṣọ́ fún Ìdílé Tó Ń Gbé Inú Ọkọ̀ Onígbòkun

Àbúrò mi ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì ló ń gbé inú ọkọ̀ onígbòkun láàárín àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Báàgì méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ẹni tó ń lọ bá wọn lè gbé wọ bàálù. Gàrí kílò 16 ni mo dì, èlùbọ́ 14, ìyẹ̀fun ẹ̀wà 8, ègúsí 3, pẹ̀lú ata gbígbẹ àti irú díẹ̀.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá oúnjẹ lórí òkun. Abẹ́ ìjókòó ni wọ́n ń kó oúnjẹ sí, atẹ́gùn kì í débẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun sì kún fún omi àti iyọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Gàrí tó kúná ni mo rà, mo sì dá a padà sínú agbada, kóńgò kan lẹ́ẹ̀kan, lórí iná jẹ́jẹ́. Mò ń rò ó láìdúró títí ó fi ń dún ṣaṣa. Kò gbọdọ̀ pọ́n. Mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ títí ó fi tutù pátápátá, torí tó bá gbóná wọ inú ọ̀rá, oru rẹ̀ á di omi, gàrí á sì bu.

Èlùbọ́ ló gba sùúrù jù. Gbodo Ṣakí ni mo rà. Kí n tó sanwó, mo ń ṣẹ́ ẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó gbẹ á dá kẹ́, èyí tó tẹ̀ kò tíì gbẹ. Tí lẹ́búlẹ́bú bá wà nísàlẹ̀ àpò, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀, kí ihò tó hàn síta. Mo ní kí ọlọ́lọ fi gbodo díẹ̀ gbá inú ẹ̀rọ mọ́ ná, kí àjẹkù ata tàbí àgbàdo ẹlòmíì má bàa bá tiwa lọ. Èlùbọ́ máa ń gbóná jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí náà mo tẹ́ ẹ kó tutù, mo fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, mo sì dì í ní kílò kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá méjì tí mo tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹyin kòkòrò kò ṣeé fojú rí, àmọ́ òtútù ń pa á. Mo kó o sínú fìrísà ẹlẹ́ja tútù kan tó ní jẹnẹrétọ̀, fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó jáde, a kò tú u títí di ọjọ́ kejì, kí omi tó ń sẹ̀ lè dúró sí ẹ̀yìn ọ̀rá, kó má wọ inú èlùbọ́.

Ẹ̀wà ń jẹ gáàsì, àgbá gáàsì inú ọkọ̀ kò sì tóbi. Mo rẹ ẹ́, mo bó o, mo sá a lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì nítorí eruku. Kí n tó lọ̀ ọ́, mo bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, mo mì ín dáadáa. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ̀wà náà ṣì tutù nínú, ẹ padà sá a.

Odidi ni mo fi ègúsí bíbó sílẹ̀. Irú, mo fi iyọ̀ pa á, mo sì sá a gan. Ata kò ní iyọ̀ rárá, nítorí àwọn náà máa ń fi omi òkun díẹ̀ lú omi tí wọ́n fi ń se oúnjẹ.

Kò sí páálí kankan nínú ẹrù náà: aáyán máa ń yé sí ihò páálí, tí wọ́n bá sì wọ ọkọ̀, ó di ọ̀ràn. Mákà ni mo fi kọ orúkọ oúnjẹ sára ọ̀rá, torí ìwé tí a lẹ̀ máa ń ṣí, á wá lọ dí ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Mi ò di ẹran gbígbẹ, torí òfin oúnjẹ erékùṣù kan kì í ṣe ti èkejì.

Oúnjẹ yìí ní láti dé kí oṣù kẹfà tó wọlé. Láti 1 Okúdù títí di 30 Bélú ni àsìkò ìjì ńlá níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì máa ń sún sí gúúsù, síhà Grenada àti Trinidad. Síbẹ̀, ìjì Beryl kọlu Carriacou, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Grenada, ní 1 Agẹmọ 2024, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó sá síbẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ìjì kò ráyè wá ọjà.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ègúsí tán, torí epo inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Gàrí lè dúró dé ìgbẹ̀yìn.