Bí o bá fẹ́ gba ìtàn ìyá tó kọ́ni lófin sílẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá ìyá kan l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní Benin, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì lófin, mo ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i tán, mo ní: “Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni obìnrin àkọ́kọ́?” Ó wò mí. “Àkọ́kọ́ nínú kí ni, ọmọ mi?” N ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nítorí náà, kí o tó lọ, ya àwọn “àkọ́kọ́” sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sarmiza Bilcescu, ọmọ Ròmáníà, gba oyè dókítà òfin ní Paris lọ́dún 1890. Ṣùgbọ́n ó di 1931 kí obìnrin kan, Charlotte Béquignon-Lagarde, tó yege ìdánwò agrégation òfin nílẹ̀ Faransé, èyí tó ń ṣí ọ̀nà sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún mọ́kànlélógójì! CAMES, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gíga fún ilẹ̀ Áfíríkà àti Madagascar, ló ń ṣe irú ìdánwò yẹn fún àwa náà lónìí. Ní Nàìjíríà, Jadesola Akande ni obìnrin tó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n òfin. Nílé wa níbí, àwọn èèyàn máa ń da méjì pọ̀: Elisabeth Pognon, tó kọ́kọ́ ṣe olórí Cour constitutionnelle (ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀) ní 1993, adájọ́ ni, Conceptia Ouinsou, tó gbapò rẹ̀ ní 1998, ni olùkọ́ òfin, Haiti ni wọ́n sì ti bí i.

Lọ láàárọ̀. Má gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù o. Ohùn fáànù nìkan ni mo gbé délé lọ́jọ́ kìíní.

Má bèèrè pé “ìṣòro wo lẹ rí?” “Ọlọ́run ló ṣe é” ni wàá gbọ́, ó parí. Nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn ni kó o bèèrè. Mo bi ìyá mi yìí pé ta ló ń bá a gbé ọmọ nígbà tó ń kọ́ni, ló bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń pọn ọmọ náà dúró sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Bí ìsinmi bá dé, á jáde lọ fún un lọ́mú, á padà wọlé. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti kọ tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ìwé oyè dókítà, lóru, ọmọ ọlọ ló fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má fẹ́ ẹ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọmọ ọlọ náà hàn mí. Ó ṣì ń fi lọ ata.

Ọdún máa ń yí lórí àgbà. Ní kó mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ jáde, ya á ní fọ́tò lójú fèrèsé, má mú un lọ sílé. Bí kò bá sí mọ́, lọ wá Journal officiel, ìwé ìkéde ìjọba, níbi àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba. Àjàṣẹ́ yìí náà ló wà.

Tó o bá kọ ọ́ tán, padà lọ kà á sí i létí. Ìyá gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé “àkọ́kọ́” níbi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó fìka tẹ etí ìwé: “Orúkọ àbúrò mi dà? Kọ ọ́ síbí.”